Ọdẹ́jìnmí àti Ọkọ̀ Oníkùn Méjì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, kí n má baà fi ohùn àgbà pariwo. Èmi Akínṣọwọ́n tí mo jókòó síwájú yín yìí kì í ṣe ọdẹ kékeré. Mo ti tọ ẹfọ̀n lẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun. Èmi àti ẹkùn ti jọ mu omi odò kan náà lọ́sàn-án gangan, kálukú wa ń wo ojú ẹnì kejì, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ dìde. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá wo àpá tó wà léjìká mi. Ṣùgbọ́n n kò ní í sọ ti ara mi lónìí. Ti ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ, Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ìràwé, ẹni tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ tó fi rin ìrìn náà, èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́ fún un.

Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí, àmọ́ kì í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sígbó bíi tiwa. Ó ní píkọ́ọ̀pù kan tó ń mu epo dísù. Wọ́n ní funfun ni tẹ́lẹ̀, àwọ̀ eruku ni mo bá a. Ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, ọmọ méjì péré ló bí: Ọdẹ́ṣínà ni ẹ̀gbọ́n, Ọdẹ́jìnmí ni àbúrò. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Ọdẹ́ṣínà ń wà. Ní ọdún kan, ó kó iṣu kún ọkọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó ní òun fẹ́ la Igbó Adánilágara kọjá, kí òun lọ tà á fún àwọn ará ìhà kejì tí wọ́n ní ẹja àti iyọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò ní iṣu. Kò sẹ́ni tó ti ṣe é rí ní Ìràwé. Igbó náà gùn ju ohun tí táǹkì ọkọ̀ kankan lè gbé èèyàn kọjá lọ, kò sì sí ilé epo kan nínú rẹ̀. Ọdẹ́ṣínà ra agbá onírin kan, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn orí ọkọ̀ rẹ̀, ó fa rọ́bà láti inú agbá náà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó sì bọ́ sọ́nà lọ́jọ́ kejì. Kò padà wálé.

Ọdún méjìlá kọjá. Àwọn ará àdúgbò ní ó ti kú, kí wọ́n ṣe òkú rẹ̀. Àwẹ̀ró kọ̀. Bí fèrè ọkọ̀ bá ti dún lójú títì, á gbé orí sókè, á sì tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún kejìlá yìí, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó pe Ọdẹ́jìnmí jókòó.

"N kò ní kó o mú un wá láàyè dandan," ó ní. "Mo fẹ́ mọ̀ ni. Bó bá jẹ́ sàréè ló wà, lọ wo ibi tí sàréè náà wà, kó o wá júwe rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ kí ojú yìí tó ṣú tán."

Ọdẹ́jìnmí kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó mọ ìbọn í lò, ó mọ igbó, kò sì bẹ̀rù iwin. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni epo. Ó ti bi àwọn arìnrìn-àjò, ó sì mọ̀ pé táǹkì ọkọ̀ òun kò lè gbé òun kọjá àárín igbó. Ni ó bá wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ògúnbùnmi, obìnrin jórinjórin tó ń ṣiṣẹ́ ní oríta. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí obìnrin yìí, ìka rẹ̀ le bí èèkánná ẹmú. Ọdẹ́jìnmí ní kó bá òun di agbá kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ògúnbùnmi ní òun kò ní í dì í. Ó ní bí ọkọ̀ bá gbọ̀n nínú kòtò, agbá tí wọ́n fi okùn dè lè já lu èèyàn lẹ́yìn orí. Táǹkì gidi ni òun yóò ṣe.

Ó gé páànù irin tó nípọn, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣe é ní gbọọrọ kó lè dùbúlẹ̀ ní ìbú lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Kó tó bò ó lójú, ó fi irin pẹlẹbẹ olójú ihò là á sí yàrá mẹ́ta nínú, kí epo má baà máa ya láti ìhà kan sí èkejì, kó sì gbé ọkọ̀ ṣubú níbi kọ́nà. Ó fi ọ̀pá tín-ín-rín kan sí òkè rẹ̀ tí yóò máa fi mí. Nígbà tó parí, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó po ọṣẹ títí ó fi hó, ó sì fi ìfófòó rẹ̀ ra gbogbo ojú ibi tó jó. Níbi tí ọṣẹ bá ti hó kúlẹ́kúlẹ́, á tún un jó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọṣẹ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó tún fi irin kan kún súpíríǹgì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì nítorí ìwúwo. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ọdẹ́jìnmí bá òun dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

"Bọ̀dá, ẹ wo rọ́bà méjì yìí," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì dísù kì í mu gbogbo ohun tí a bá gbé fún un. Á mu ìwọ̀n tó fẹ́, á sì dá èyí tó kù padà. Rọ́bà yìí ló ń gbé epo lọ, èyí ló ń gbé àjẹkù bọ̀. Mo ti fi ohun ìyípo kọ̀ọ̀kan sẹ́nu wọn bíi ti ẹ̀rọ omi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu láti inú táǹkì ńlá, ẹ yí méjèèjì."

Ọdẹ́jìnmí bi í pé bí òun bá gbàgbé ọ̀kan ńkọ́.

"Àjẹkù á máa lọ sínú táǹkì kékeré. Tí ìyẹn bá sì ti kún tẹ́lẹ̀, ẹ óò kàn máa da epo sójú ọ̀nà ni, ẹ ò sì ní í mọ̀."

Ọdẹ́jìnmí ní òun ti gbọ́. Ó rọ epo kún táǹkì méjèèjì. Táǹkì ńlá yìí gba ìlọ́po méjì ohun tí kékeré gbà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó sì kọjú sí Igbó Adánilágara.

Kò tíì wọ igbó náà jìnnà tó fi ṣàkíyèsí pé ojú ọ̀nà ń rọ̀ lábẹ́ táyà, ó ń lọ ó ń bọ̀, bíi kéèyàn máa wa ọkọ̀ lórí ara ẹran tó wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ò bá ti bẹ́ jáde. Ó tẹ bíréèkì. Ní kọ́nà iwájú, ó rí orí kan tó tóbi bí ìdí igi àràbà, ojú méjì rẹ̀ rọra ń ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ahọ́n iwin náà ni ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Ahọ́n-Gbọọrọ ni wọ́n ń pe iwin yìí, ojú ọ̀nà ló sì ń lá ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ahọ́n-Gbọọrọ bi í pé irú ẹranko wo ló ń gùn tó ní ikùn méjì báyìí. Ó ní òun ń gbóòórùn epo nínú méjèèjì. Ó ní òun ní ìbéèrè kan tí òun ti ń bi àwọn arìnrìn-àjò láti ọdún méjìlá. Ẹni tó bá dáhùn á kọjá. Ẹni tí kò bá dáhùn, òun á lá ikùn ẹranko rẹ̀ gbẹ. Ìbéèrè náà nìyí: "Kí ni a máa ń gbé oúnjẹ fún, tó máa ń jẹ ìwọ̀n tó tó o, tó sì máa ń dá ìyókù padà sínú ìkòkò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí?"

Iwin náà sọ fún un pé ẹnì kan ti ní ìyàwó tuntun ni, ẹnì kan ní àlejò tó nítìjú ni, ẹnì kan sì ní ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Òun kò gba ìkankan nínú rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ronú. Ó rántí ara rẹ̀ níbi tó ti nà gbalaja lábẹ́ ọkọ̀, tí Ògúnbùnmi ń fi ìka júwe rọ́bà.

"Ẹ́ńjìnnì dísù ni," ó ní.

 Iwin náà ní òtítọ́ ni, ó sì béèrè ẹni tó sọ fún un. Ọdẹ́jìnmí ní obìnrin kan ni. Iwin náà wá sọ ìtàn ara rẹ̀. Ó ní ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ọkùnrin kan kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé, agbá kan wà lẹ́yìn orí ọkọ̀ náà. Láti etí igbó ni ọkùnrin náà ti ń da epo sílẹ̀ fún òun lójú ọ̀nà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìdáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó ti ṣe òun lóore bẹ́ẹ̀ rí. Òun tẹ̀ lé e, òun ń kí i, òun ń pariwo ọpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun ṣe ń dúpẹ́ ni ọkùnrin náà ń sá.

Ọdẹ́jìnmí mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó bi í pé ṣé ọkùnrin náà wà láàyè nígbà tó rí i kẹ́yìn. Iwin náà ní ó wà láàyè dáadáa, eré ló ń sá. Ọdẹ́jìnmí bọ́ sílẹ̀, ó bu dísù kún agolo mílíìkì kan, ó dà á sórí ahọ́n náà láti fi dúpẹ́. Iwin náà ká ahọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbà tí èèyàn ká ẹní, ó sì jẹ́ kó kọjá.

Ó wa ọkọ̀ títí tó fi dé ìlú kan lórí òkè. Ìlú Fúyẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fúyẹ́ ju ìyẹ́ adìyẹ lọ. Òkúta ni wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n tó jáde, opó ilé ni wọ́n sì máa ń so ọmọ wọn mọ́. Ní gbogbo ọ̀sán, afẹ́fẹ́ kan máa ń ti ẹ̀yìn òkè wá, kò sì sí ọ̀sán tí kì í gbé ẹnì kan tàbí ẹni méjì lọ. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí dé, afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìlú rí ọkọ̀, wọ́n ya bò ó, wọ́n dì mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mọ́ ilẹ̀kùn, mọ́ táyà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kò mì, nítorí epo tó wà nínú táǹkì ńlá wúwo. Ọ̀sán yẹn ni ọ̀sán àkọ́kọ́ tí wọn kò pàdánù ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Baálẹ̀ wọn, bàbá tín-ín-rín kan tó dì mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bẹ Ọdẹ́jìnmí pé kó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn, bí kò bá sì lè fi ọkọ̀ sílẹ̀, kó fi ikùn irin náà sílẹ̀. Ó ní àwọn yóò fún un ní ilé, oko àti ìyàwó. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé àánú wọn ṣe òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi gbé ọwọ́ lé táǹkì náà, tí òun ń ronú. Ṣùgbọ́n ó rántí ìyá rẹ̀. Ó wá bi Baálẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń ṣe bí afẹ́fẹ́ bá dé. Baálẹ̀ ní kálukú máa ń di opó ilé rẹ̀ mú ni.

Ọdẹ́jìnmí tú okùn ọdẹ rẹ̀. Ó so Baálẹ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìbàdí, ó so ìyàwó mọ́ aládùúgbò, aládùúgbò mọ́ àwọn ọmọ, títí gbogbo ìlú fi di ọ̀kan gbìn-ìn lójú agbo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó wa ọkọ̀ sápá kan, ó dúró, ó ń wò wọ́n. Afẹ́fẹ́ dé. Ó gbé àwọn tó wà létí sókè díẹ̀, ó sì sọ wọ́n kalẹ̀. Àwọn tó wà láàárín kò tilẹ̀ mira. Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba inú okùn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Ọdẹ́jìnmí ti kúrò láàárín wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ọ̀gá mi kì í fẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí níbí. Nítorí inú rẹ̀ dùn sí ohun tó ṣe ní Fúyẹ́, ó ń kọrin, kò sì wo ọwọ́ kékeré iwájú ọkọ̀ tó ń júwe ìwọ̀n epo. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú. Epo táǹkì kékeré ti tán pátápátá. Bẹ́ẹ̀ bí dísù bá tán tó gbẹ, atẹ́gùn á wọnú rọ́bà, kéèyàn yí ohun ìyípo nìkan kò sì tó mọ́. Ògúnbùnmi ti kọ́ ọ pé bọ́tìnnì kékeré kan wà lórí asẹ́ epo tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀, títí atẹ́gùn á fi jáde tán.

Ó yí ohun ìyípo méjèèjì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló wà tí àwọn ẹbọra fi jáde láti inú igi, mẹ́rìndínlógún. Òmíràn ní ẹsẹ̀ kan, òmíràn ní ojú lórí orúnkún. Ibi tí ọkọ̀ máa ń kú sí nìyẹn, wọ́n sì máa ń wá wòran níbẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń lọ wo ìjàkadì. Olórí wọn ń ṣàlàyé fún àwọn yòókù ohun tí ọkùnrin náà máa ṣe. Ó ní á ta táyà nípàá, lẹ́yìn náà á di orí mú, lẹ́yìn náà á sunkún. Ọdẹ́jìnmí kò ta táyà, kò di orí mú. Ó ń tẹ bọ́tìnnì. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wú. Nígbà tó yá, àwọn ẹbọra náà na àtàǹpàkò tiwọn jáde, wọ́n ń tẹ atẹ́gùn bó ṣe ń tẹ̀, wọ́n sì ń bá a kà á. Ní igba ó lé méje, epo tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ kò hó mọ́, ó mọ́ gaara. Ó dé ojú ibi tí epo ń gbà jáde, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Gbogbo ẹbọra sá gun igi. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò bu ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Olórí wọn ló sọ fún un láti orí ẹ̀ka pé ọ̀nà máa ń dà gẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó bá kú síbẹ̀ tí wọn kò rí jí máa ń yí lọ sí àfonífojì fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó lè tì í padà sókè. Bí ó bá ń wá èèyàn, kó lọ wò nísàlẹ̀.

Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀ àfonífojì náà ni Ìlú Epotán wà. Ọkọ̀ tó tó ọgbọ̀n ló dúró káàkiri níbẹ̀, wọ́n ti mọ ilé yí wọn ká. Ewédú... rárá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀wà ló ń fà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn, adìyẹ ń yé sórí àga awakọ̀, aṣọ sì ń gbẹ lórí dígí ẹ̀gbẹ́. Àwọn èèyàn jáde sí ìró ọkọ̀ tó ń fi agbára ara rẹ̀ rìn.  Ọkùnrin kan tó ń kọ ebè dúró gangan láàárín oko, ó gbára lé ọkọ́ rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ọdẹ́jìnmí mọ̀ ọ́n nípa bí èjìká òsì rẹ̀ ṣe tẹ̀ sísàlẹ̀ láti kékeré. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ebè.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Ọdẹ́ṣínà gbé e dìde, ó dì mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ló kọ́kọ́ béèrè. Ó gbọ́ pé ó wà láàyè, ó sì jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú àbúrò rẹ̀ wọlé. Ó ti ní ìyàwó, Ìbídùn, obìnrin tó bá ìyá rẹ̀ há sí àfonífojì náà, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin méjì. Wọ́n jẹun. Ọdẹ́jìnmí ní kí wọ́n di ẹrù, kí wọ́n máa lọ sílé. Ọdẹ́ṣínà mi orí.

"N kò lè lọ," ó ní. "Wọ́n fi mí bú, àbúrò mi. Epo tó lè gbé mi kọjá igbó yìí ni mo gbé, kò sì gbé mi dé ìdajì. Mo ń wo agbá náà bó ṣe ń gbẹ, n kò sì rí ibi tó ń jò. Iwin kan wà lẹ́yìn mi tó ń pariwo orúkọ tí n kò mọ̀. Òun ló ń mu ún. Ó ti tọ́ mi wò. Bí mo bá lọ sílé, á tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ màmá."

Ọdẹ́jìnmí kò bá a jiyàn. Ó bi í pé níbo ni ọkọ̀ akẹ́rù náà wà. Ẹ̀yìn ilé ló wà, igbá ń so lórí rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó tọ rọ́bà tó ti inú agbá wá, ó bá a dé ẹ́ńjìnnì. Ó tún tọ èyí tó ti inú ẹ́ńjìnnì padà. Inú táǹkì ọkọ̀ ló lọ tààrà, bó ṣe wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà.

Ó bi í pé inú èwo ló kọ́kọ́ ń mu. Ọdẹ́ṣínà ní inú agbá ni, òun fẹ́ tọ́jú ti inú táǹkì di ìgbẹ̀yìn.

"Táǹkì kún nígbà náà?"

"Ó kún dé ẹnu."

Ọdẹ́jìnmí wá ṣàlàyé fún un bí Ògúnbùnmi ṣe ṣàlàyé fún òun. Ẹ́ńjìnnì ń dá àjẹkù padà sínú táǹkì tó ti kún, ó sì ń ti ẹnu táǹkì dà sílẹ̀ lẹ́yìn táyà, níbi tí awakọ̀ kò lè rí i. Iwin náà kàn ń lá ohun tó ń dà sílẹ̀ ni, ó rò pé wọ́n ń ta òun lọ́rẹ. Ọpẹ́ ló ń dú lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fi yín bú," ó ní. "Rọ́bà ni."

Ọdẹ́ṣínà dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan rọ́bà náà. Ó ti gbẹ, ó ti là.

"Ọwọ́ mi ni mo fi dè é," ó ní. "Ọ̀sán kan ni mo fi ṣe é, mo ń kánjú. Ọdún méjìlá ni mo fi fi màmá sílẹ̀ nítorí ìkánjú ọ̀sán kan."

Ọdẹ́jìnmí ní bó bá jẹ́ èpè ni, òun kò ní í mọ ohun tí òun lè ṣe sí i. Èyí tí èèyàn fi ọwọ́ dè, òun lè fi ọwọ́ tú u.

Wọ́n tú u lọ́jọ́ kejì. Epo tó kù nínú táǹkì ńlá yóò gbé píkọ́ọ̀pù délé, díẹ̀ yóò sì ṣẹ́ kù. Díẹ̀ yìí kò lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù jáde kúrò ní àfonífojì, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí bu kẹ́ẹ̀gì kan nínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n kàn gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n gbé bátìrì píkọ́ọ̀pù sí i. Wọ́n gé igbá kúrò lórí rẹ̀, wọ́n tẹ atẹ́gùn jáde, Ọdẹ́ṣínà jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, èéfín dúdú jáde, àwọn eku méjì sá jáde lẹ́yìn èéfín, ẹ́ńjìnnì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gbogbo Epotán jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò gbọ́ irú ariwo ńlá bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n di etí. Bàbá àgbàlagbà kan tó há síbẹ̀ láti ogún ọdún rọra rìn lọ síbi ọkọ̀ tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ewé ẹ̀wà kúrò lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdẹ́jìnmí ṣèlérí fún wọn pé òun yóò padà wá. Ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìbídùn àti àwọn ọmọ méjèèjì. Ní Fúyẹ́, àwọn ará ìlú tí okùn so pọ̀ juwọ́ sí wọn. Níbi tí Ahọ́n-Gbọọrọ wà, Ọdẹ́ṣínà ní kí wọ́n dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kí i. Inú iwin náà dùn débi pé ojú ọ̀nà ń jó lábẹ́ wọn.

Ọ̀sán ni wọ́n wọ Ìràwé. Àwẹ̀ró ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. Ọdẹ́ṣínà dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀, ó fọwọ́ pa èjìká òsì, ó di ibẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè àwọn ọmọ ta ni wọ̀nyí tí wọ́n ń mí sí òun létí.

Láàárín oṣù méjì tó tẹ̀ lé e, Ọdẹ́jìnmí àti Ògúnbùnmi lọ sí Epotán lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n ń kó dísù lọ nínú táǹkì ńlá náà, Ògúnbùnmi sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún rọ́bà àwọn ọkọ̀ ṣe. Àwọn kan lọ sílé, bàbá àgbàlagbà yẹn ló ṣíwájú wọn. Àwọn kan ní àwọn kò lọ mọ́, wọ́n mọ ibi ìtọ́jú epo sí àfonífojì náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń la igbó kọjá lónìí máa ń rí epo rà láàárín rẹ̀. Ìyá Ìbídùn wà lára àwọn tó dúró.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún pẹ̀lú Ọdẹ́ṣínà láti lọ wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bọ̀, wọ́n bá Àwẹ̀ró nínú píkọ́ọ̀pù, ó ti jókòó síwájú, iṣu mẹ́wàá àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ́ṣínà ní ọ̀nà jìn, igbó burú, ara rẹ̀ kò gbà á.

"Ìwọ gbé ọmọ wọn níyàwó, kò sẹ́nikẹ́ni láti ilé wa tó lọ kí wọn," Àwẹ̀ró ní. "O jẹ oúnjẹ wọn fún ọdún méjìlá. Wa ọkọ̀."

Wọ́n wà á. Nígbà tí wọ́n dé Epotán, ìyá Ìbídùn ń yan àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n fa òun sọ̀kalẹ̀. Ó di ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó rọra kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Èmi ni ìyá Ọdẹ́ṣínà," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ tó dé ibí. Ẹ ṣeun."

Ìyá Ìbídùn náà ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Àgbàdo mẹ́rin ni mo fún un," ó ní. "Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè òmíràn."

"Bó ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyẹn," Àwẹ̀ró ní, àwọn ìyá méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n di ara wọn mú, kò sì sí èyí tó lè fa èkejì dìde.

Bí ọ̀gá mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Bí mo bá ti fi nǹkan bù mọ́ ọn, ní ti àwọn ẹbọra ni, kì í ṣe ní ti àwọn ìyá méjì yìí.